Bí Wọ́n Ṣe Díyelé Ṣílè Àtijọ́ Ìyá Bàbá Mi ní Erékùṣù Èkó

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé owó onírin àtijọ́ lọ fún ìdíyelé ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ yìí, kí ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Ìbínú ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba àpò owó tí ìyá bàbá mi fi sílẹ̀ ṣe mú ṣílè kan jáde, tó da omi ọṣẹ sí i, tó sì fi kànìnkànìn onírin bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Mo pariwo, ṣùgbọ́n kí ó tó gbọ́wọ́ kúrò, àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ pípẹ́ ti fi bo fàdákà náà ti ṣí lápá kan, ìlà wẹ́wẹ́ sì ti hàn lára igi ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀. “Ẹ má bínú, mà, mo fẹ́ kí ó dán kí ọ̀gá lè rí i kà ni.” Kò sí oògùn tó lè dá irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ padà, ẹni tó ń ra owó àtijọ́ sì ti mọ èyí tí wọ́n ha, iye tí yóò san á sì já wálẹ̀.

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ ariwo mi, ó jáde, kò sì gbèjà ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà dúró ti òun kí ó máa wò. Etí owó nìkan ni Bàbá fi ìka mú. Ó tẹ iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òjìji lè gbé ohun tó ti pa rẹ́ yọ, ọdún tí èmi kò rí rárá sì hàn: 1914. Ó ṣàlàyé pé fàdákà ni ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ ní 1920. Ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá tuntun wúwo tó gíráàmù 5.65, nítorí náà ohun tó bá dín ni ọwọ́ àwọn èèyàn ti jẹ lára rẹ̀. Àwọn tí orí ọba ti di pẹlẹbẹ, iye fàdákà inú wọn ló fi díwọ̀n, 925 nínú 1,000. Èyí tí ọmọ yẹn ha nìkan ni àwòrán rẹ̀ ì bá jẹ́ kí ó níye lórí ju fàdákà rẹ̀ lọ. Bàbá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo tún mú kọ́bọ̀ oníhò ti 1936 kan tí orúkọ Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lára rẹ̀ jáde, nítorí mo ti rí àwọn tó ń pe owó gọbọi lé irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní lóòótọ́ ni ọba náà kò pé ọdún kan lórí oyè, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ yí ihò ká, kò sí orí ọba tí wọ́n ní láti dúró dè, mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ sì ni wọ́n rọ. Ó lè parọ́ fún mi, kò parọ́.

Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbowó ṣì béèrè owó ìdíyelé pé pérépéré, títí kan ti ṣílè tí wọ́n bà jẹ́, àfìgbà tí Bàbá pàṣẹ kí ó tó yọ ọ́ kúrò. Ìwé tó kọ fún mi kò ní ìwọ̀n kankan nínú. Mo ní láti dá a padà kí ó tún un kọ.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Bí mo bá tún lọ, ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ni n ó fi owó lé.