Àpò tapólì àti irinṣẹ́ fún ìdílé tí omi lé kúrò nílé: ohun tí èmi káfíńtà rí

Lọ́kọ́jà ni mò ń gbé, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, nítorí náà omíyalé kì í ṣe tuntun sí wa. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2022 kọjá àfẹnusọ. Adankolo rì, ọ̀nà Ganaja rì, omi gba ọ̀nà Àbújá mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ ní Koton-Karfe. Káàkiri Nàìjíríà, èèyàn tó lé ní 600 ló kú, àwọn tí omi sì lé kúrò nílé ju mílíọ̀nù kan lọ. Inú ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ sá sí níhìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ máa padà sí kíláàsì, àwọn aláàánú bẹ̀rẹ̀ sí í pín àpò kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn aládùúgbò sì ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn fi ohun inú rẹ̀ kọ́ àgọ́.

Tapólì méjì ló wà nínú àpò náà, ìbú mítà 4, gígùn mítà 6 lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn wà níbẹ̀, ayùn, òòlù, ṣọ́bìrì, ọkọ́, àdá, àlùmọ́gàjí, wáyà ìdì, àti ìṣó oríṣiríṣi títí kan ìṣó páànù.

Tapólì yẹn ni kí n kọ́kọ́ yìn. Kì í ṣe búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ọjà, tí oòrùn máa ń fà ya láàárín oṣù díẹ̀. Funfun ni lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n òwú dúdú ni wọ́n fi hun inú rẹ̀. Mo nà án sí oòrùn, mo fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí òjìji ìka mi rárá. Ìyá kan tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta sọ fún mi pé ohun tó jẹ́ kí òun lè sùn nìyẹn: bí wọ́n bá tan iná lóru, kò sí ẹni tó máa dúró níta máa wo àwọn ọmọ òun bí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó hàn pé ẹni tó ṣe é ro ti obìnrin.

Ẹ má kàn án mọ́ igi lásán o. Ẹ fi etí rẹ̀ wé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kàn án, kí ẹ sì fi ìdérí ìgò mínírà sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn ò ní fà á ya. Ẹ jẹ́ kí òrùlé dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká.

Ibi tó ti dùn mí ni pé kò sí igi kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí omi gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ, níbo ló ti fẹ́ rówó ra tú-bàì-tírì, nígbà tí gbogbo ìlú ń wá pákó lẹ́ẹ̀kan náà? Mo rí àwọn tó so tapólì mọ́ fẹ́ǹsì, tí òjò àkọ́kọ́ sì tú u palẹ̀. Àwọn tó rí ọparun gé nínú igbó ló kọ́ ohun tó dúró. Èkejì: ìlànà Sphere, tí àwọn aláàánú káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé nígbà àjálù, ní kí ẹnì kan ní mítà onígun mẹ́rin 3.5 ó kéré tán. Ẹni márùn-ún máa gba ìdá náà lábẹ́ tapólì kan, kí èkejì sì ṣe ògiri. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ ńkọ́? Àpò kan náà ni wọ́n fún wọn. Ooru ọ̀sán Lọ́kọ́jà náà kì í ṣe kékeré lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo lókè ògiri àti imọ̀ ọ̀pẹ lórí òrùlé dín in kù díẹ̀, bí ààrò bá jìnnà síbẹ̀.

Síbẹ̀, màá mú un ju tẹ́ǹtì onísíìpù lọ. Tẹ́ǹtì yá kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí síìpù bá bàjẹ́, ó tán. Nígbà tí omi fà, bàbá kan ní Adankolo tí ògiri amọ̀ rẹ̀ wó tú ọparun àti tapólì rẹ̀, ó gbé wọn lọ sílé, ó fi bo yàrá kan títí ó fi mọ ìyókù. Òòlù inú àpò náà ló fi kan páànù tuntun. Tapólì kejì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń sá ẹlùbọ́ báyìí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi owó ṣàánú nígbà òjò tó ń bọ̀, ẹ fi ọparun mẹ́wàá àti owó iṣẹ́ káfíńtà ọjọ́ kan kún àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún ìdílé tó ju ẹni mẹ́fà lọ ní àpò méjì.