Blu-ray àti HD DVD lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìkòròdú: ohun tí mo rí lára àwọn méjèèjì

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ Blu-ray tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, èyí tó ń ka pléètì fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Lẹ́tà kan máa ń wà níbẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀: A, B tàbí C. Lẹ́tà yẹn ló máa sọ bóyá ẹ máa jẹ̀gbádùn owó yín. Ẹkùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún ló ń tọ́ka sí, B sì ni tiwa. Ilẹ̀ Adúláwọ̀, Yúróòpù, Ọsirélíà àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ló wà nínú B. Amẹ́ríkà àti Japan wà nínú A, China, Rọ́ṣíà àti Índíà wà nínú C. Ẹ̀rọ tó bá ti Houston wá kò ní ka pléètì tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti London, àfi tí àwọn tó ṣe fíìmù náà kò bá tì í mọ́ ẹkùn kankan. Nù ún, fọ̀ ọ́, fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò ní kà á.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àwọn ọmọ tó ń tà á kì í sọ ọ́. “Màmá, tòkunbọ̀ gidi ni o, London ló ti wá, ẹ ṣáà lọ fi síná.” Mo ní kó bá mi dojú ẹ̀ délẹ̀. 120 fólítì ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà A sì jókòó tì í gbàgàdà. Iná tiwa 230 ni. Ká ní n kò wo abẹ́ rẹ̀ ni, tí mo gbé e délé tí mo sì fi síná láìsí step-down tó ń dín agbára iná kù, èéfín ni ǹ bá wò dípò fíìmù. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ mọ̀ ọ́n o.”

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà fíìmù ní Sábó, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS títí dé ayé VCD, nígbà tí fíìmù Yorùbá kan máa ń di pléètì méjì nítorí VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ojú kò tíì kúrò lára pléètì. Ẹ̀rọ méjì ló wà nílé mi báyìí. Ọ̀kan ni Toshiba HD-EP30, tó ń ka HD DVD, orogún Blu-ray, tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù, nítorí náà iná wa kò bà á lẹ́rù. Èkejì ni Blu-ray kan tí n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ìyìn nìkan.

Ẹni tí kò bá rántí pé ìjà wà láàárín àwọn méjèèjì, ìjà ńlá ni. Sony, Panasonic, Philips àti àwọn mìíràn dúró sẹ́yìn Blu-ray. Toshiba àti NEC ló ni HD DVD, Microsoft àti Intel sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Lésà kan náà ni wọ́n ń lò, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín búlúù àti àlùkò, ìgbì rẹ̀ jẹ́ 405 nanometer, nígbà tí lésà pupa tí DVD ń lò jẹ́ 650. Bí ìgbì bá ṣe kúrú sí ni àmì tó lè kà lójú pléètì ń kéré sí, tí ohun tó ń wọnú pléètì náà sì ń pọ̀ sí i. Sẹ̀ǹtímítà 12 ni gbogbo wọn láti etí dé etí, ṣùgbọ́n DVD gba 4.7GB, HD DVD gba 15GB, Blu-ray gba 25GB. Tí wọ́n bá ṣe é ní ìpele méjì, HD DVD di 30GB, Blu-ray di 50GB.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ gan-an ni ibi tí wọ́n tọ́jú fíìmù sí nínú ike náà. HD DVD fi í sí 0.6 mílímítà sí ojú pléètì, bíi ti DVD, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ DVD kàn máa tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe díẹ̀ ni, á sì máa tẹ ẹ́. Blu-ray gbé e wá sí 0.1 mílímítà péré. Ẹni tó bá ti háyà fíìmù fún aráàlú rí mọ ohun tí ìyẹn lè fà: ìhá kékeré kan, ó parí. Àwọn tó ṣe é náà mọ̀. Ní 2003, nígbà tí Sony kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ Blu-ray ní Japan, inú àpò ike ni pléètì máa ń wà, tí wọ́n á tì í bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bíi kásẹ́ẹ̀tì. TDK, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin, ni wọ́n ṣe ohun líle kan tí wọ́n ń fi kun ojú rẹ̀, ni wọ́n bá lè yọ ike yẹn kúrò.

Mo lè jẹ́rìí sí ohun líle yẹn. Ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ pé pléètì kan lówó ju èkejì lọ. Wọ́n ti fi Blu-ray nu ilẹ̀ sẹ́yìn rí, wọ́n ti fi ọwọ́ dòdò mú un. Mo fi aṣọ fífẹ́lẹ́ nù ún, ó ń lọ. Nígbà ọyẹ́, tí erùpẹ̀ ń wọ gbogbo nǹkan, àwọn DVD mi ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ní ti ìfaradà, Blu-ray ló borí nílé mi, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni á jà mí níyàn.

Ní ti àwòrán ńkọ́? Ojú àwòrán DVD ti Yúróòpù jẹ́ 720 lọ́nà 576. Àwọn méjì yìí jẹ́ 1920 lọ́nà 1080. Mo ní fíìmù ẹ̀dá inú omi kan lórí Blu-ray tó jẹ́ pé èèyàn lè fi ojú tọ ìpẹ́ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò mi kan tó ń ta ẹja ní Èbúté jókòó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ìgbà tó yá ló ní, “Èyí ò tíì tó tà, ó ṣì kéré.” Ṣùgbọ́n láàárín Blu-ray àti HD DVD fúnra wọn, n kò rí ìjà kankan. Fíìmù kan wà lọ́wọ́ mi ní oríṣi méjèèjì, mo sì wò wọ́n tẹ̀léra wọn. Bí èèyàn bá bò mí lójú tó sì ṣí i, n kò ní mọ èwo ni. Kò sì yani lẹ́nu, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà láyè láti fi ká àwòrán kó tó wọnú pléètì.

Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi kú? Owó àti àdéhùn ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006 Toshiba gbé HD-A1 jáde ní Amẹ́ríkà ní $499. Ní oṣù kẹfà Samsung gbé Blu-ray tirẹ̀ dé, $999. Ẹni tó bá wo iye yẹn á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá Sony fi Blu-ray sínú PlayStation 3 (PS3), ẹ̀rọ gémù rẹ̀, ó wá dà bí ẹni ra ewúrẹ́ tó bá oyún nínú rẹ̀. PS3 ni Blu-ray tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú kọ́kọ́ fojú rí, a ò sì mọ̀ pé òun ni. Bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ ń gbá lórí ẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù gémù, wọ́n ń san owó eré kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ fíìmù sì wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí lẹ́nu. Microsoft ní tiwọn ta ẹ̀rọ HD DVD lọ́tọ̀ fún Xbox 360, ẹ̀rọ gémù wọn, $199. Ohun téèyàn máa tún padà wá rà lọ́tọ̀, mélòó ló máa padà wá?

Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ní oṣù kẹjọ 2007 Paramount kọ Blu-ray sílẹ̀, ó lọ bá Universal lọ́dọ̀ HD DVD. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní 2008, Warner, tó ti ń fẹ́ méjèèjì, ní Blu-ray nìkan lòun ń bá lọ. Walmart, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e lóṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù kejì yẹn, Toshiba ní àwọn ti ṣíwọ́. Sony tí kásẹ́ẹ̀tì Betamax rẹ̀ ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ VHS tipẹ́ wá rẹ́rìn-ín ìkẹyìn, ó kéré tán lọ́jọ́ yẹn.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè má gbà: ẹni tó ṣẹ́gun kọ́ ni ìbá dára jù fún wa níbí. HD DVD kò ní ẹkùn. Kò sí A, kò sí B. Pléètì tó ti Texas wá àti èyí tó ti Manchester wá ń bára wọn gbé lórí pẹpẹ mi, Toshiba ń ka gbogbo wọn láìbèèrè ìwé ìrìnnà. Fún àwa tí ẹbí wa fọ́nká sí òkè òkun, tí ẹrù wa sì ń ti ibi gbogbo wá, ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ojú kan HD DVD ni, èkejì DVD, nítorí náà èèyàn lè gbé e lọ sílé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tuntun. Ìwà tó bá ìlú wa mu ni.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ó lọ́ra. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lè lọ da omi sí ife kí ẹ tó padà bá a. Fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún tí ilé bá dákẹ́. Lẹ́ńsì rẹ̀ ṣòro láti rí, oníṣẹ́ẹ̀rọ mi ní Agric sọ fún mi pé àfi kí òun tú òmíràn tó ti kú. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn pléètì ilé-iṣẹ́ fíìmù kan ń kú fúnra wọn. Kò ní ìhá, kò ní erùpẹ̀, ó kàn máa dúró láàárín fíìmù ni. Ti àwọn yòókù kò ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń fi Toshiba ṣe jù báyìí ni DVD fíìmù Yorùbá, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa àwòrán DVD gùn dé 1080 láìjẹ́ kí ó ṣú. Ojú àwọn òṣèré máa ń mọ́ ju bó ṣe ń rí lórí ẹ̀rọ DVD lásán lọ.

Blu-ray mi wàyí. Ó ń yá, kò ní ariwo, kò sì jẹ iná púpọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ ìmúdójúìwọ̀n. Fíìmù tuntun kan dé, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, àfi tí mo bá lọ gba nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi fóònù wá a, mo fi fláàṣì gbé e sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é, ó tó. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbé tuntun jáde fún irú rẹ̀ mọ́, nítorí náà fíìmù tó bá tún kọ̀ báyìí, ó kọ̀ nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ iná. Ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Egbin wà lẹ́yìn ilé wa níbí, 1,320 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe, síbẹ̀ iná ṣì ń lọ láàárín fíìmù. Ọ̀pọ̀ Blu-ray ni kò mọ ibi tí a bá a dé. Tí iná bá padà dé, ìbẹ̀rẹ̀ la tún máa bá ara wa: ìkìlọ̀ ní oríṣiríṣi èdè, ìpolówó fíìmù tí rìmóòtù kò lè fò, lẹ́yìn náà ká máa sáré wá ibi tí wọ́n ti gbé ọkùnrin yẹn sínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní inverter, mo kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀.

Fíìmù Yorùbá lórí Blu-ray? N kò tíì rí ọ̀kan rà ní Sábó. Pléètì tí wọ́n kó fíìmù ogún sínú ẹ̀ ló gba ọjà, àwòrán rẹ̀ á sì máa ṣe wúruwùru bí tẹlifíṣọ̀n bá ti fẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ fíìmù wa nìkan ni ẹ ń wò, ẹ fi owó yín sílẹ̀, fláàṣì á ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní àwọn ará nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè máa fi pléètì ránṣẹ́, ẹ ra Blu-ray B. PS3 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dára, ọ̀pọ̀ jù lọ gémù rẹ̀ kò ní ẹkùn, fíìmù rẹ̀ ló ní. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbòòrò lè wo 4K Blu-ray, tí àwòrán rẹ̀ tún mọ́ ju ti Blu-ray lásán lọ, tó jáde ní 2016: wọn kò fi ẹkùn sí pléètì 4K rárá, ṣùgbọ́n Blu-ray lásán tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ kan náà, ẹkùn ṣì wà lórí ìyẹn.

Ẹ gbé pléètì tiyín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n fi ti ọwọ́ yín gan-an dán an wò, kì í ṣe tiwọn, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣeré kọjá ìdajì, torí ibi tí ìpele kejì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́ńsì tó ti rẹ̀ ti máa ń jáwọ́.

Ẹni tó bá sì ní HD DVD nílé tí kò wò ó mọ́, mo ń rà á. Ti Amẹ́ríkà, ti London, ti Japan, gbogbo ẹ̀ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n mo máa wò ó tán kí n tó sanwó.