Àǹtí tó bá mi ṣe tax owó ogún ní Alágbàká: ẹ lọ o, àmọ́ ẹ mú sùúrù dání

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé ta ló bá mi ṣe tax owó ogún mi, ó yá, mo ti jókòó kọ ọ́.

Àbúrò màmá mi ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston títí wọ́n fi kú ní 2023, 66 ni wọ́n, orúkọ mi ni wọ́n kọ sí IRA wọn, ìyẹn àkáǹtì tí wọ́n ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì sí lọ́hùn-ún. Èmi náà ti di ọmọ Amẹ́ríkà lórí ìwé, Òkè-Àró l'Àkúrẹ́ ni mò ń sùn ṣá, IRS, àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà, ò kúkú bìkítà ibi téèyàn ń sùn. Lọ́dún tó kọjá mo yọ dọ́là 12,000, wọ́n ti yọ 1,200 kó tó dé ọwọ́ mi. Àwọn ẹbí ní kí n máa jayé mi, wọ́n ní ogún kì í san tax. Irọ́! Kì í ṣe Roth, ìyẹn irú IRA tí èèyàn ti san tax lórí owó ẹ̀ kó tó fi sí i; olóògbé ò san tax lórí owó yẹn nígbà tí wọ́n ń kó o jọ, ẹni tó bá jogún ẹ̀ ló máa san án.

Mo fi áàpù tax ṣe é fúnra mi lóru, ni áàpù bá ní kí n tún mú 1,200 mìíràn wá. Àyà mi já.

Bí mo ṣe dé Alágbàká nìyẹn. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, jẹnẹrétọ̀ àwọn oní fọ́tòkọ́pì ń pariwo nísàlẹ̀, àga méjì fún èèyàn mẹ́fà, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, aago kan ti kọjá kí wọ́n tó pè mí. Mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò níbẹ̀ yẹn.

Àmọ́ nígbà tí àǹtí yẹn gba 1099-R mi, ìwé tó ń sọ iye tí mo yọ nínú àkáǹtì yẹn, wọn ò tiẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi bírò lu àpótí keje, "Bọ̀dá mi, kí lẹ rí níbí?" Mo ní 4. "Kí lẹ wá tẹ̀ sínú áàpù?" Mo yẹ fóònù wò, 1! Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní 4 ni pé ikú ló fa owó yẹn jáde, 1 ni ti ẹni tó ń yọ owó ara ẹ̀ kó tó pé ọmọ 59 àtààbọ̀, òun ni wọ́n ń gba owó ìtanràn ìdá mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó jogún ò sí ńbẹ̀. 1,200 àkọ́kọ́ ńkọ́? Tax tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nìyẹn, àpótí kẹrin ló wà, ìlà 25b ló ń lọ lórí 1040, ìyẹn fọ́ọ̀mù tax ọdọọdún ti Amẹ́ríkà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè mi. 12,000 fúnra ẹ̀ bọ́ sí ìlà 4b, kì í ṣe 5b ti pẹ́ńṣọ̀n.

Wọ́n tún sọ èyí tí mi ò béèrè: owó yẹn gbọ́dọ̀ tán pátá kí 2033 tó parí, àbúrò màmá mi ò tíì pé 73, ọjọ́ orí tó ti máa ń di dandan kí olówó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, nígbà tí wọ́n kú, torí náà kò di dandan kí n yọ ọ́ lọ́dọọdún, àmọ́ tí mo bá dá gbogbo ẹ̀ dúró de ọdún ìparí, tax á gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà.

65,000 náírà ni wọ́n gbà, wọ́n tún gba owó príǹtìn lọ́tọ̀ (ẹ̀yin èèyàn yìí sha!), POS ò sì ṣiṣẹ́. Mo béèrè PTIN wọn, nọ́ńbà tí IRS ń fún ẹni tó ń gbowó bá èèyàn ṣe tax, kí n tó kó ìwé sílẹ̀, wọ́n fi hàn mí láì fajú ro. Ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé tiyín lọ, ẹ béèrè ẹ̀, tí wọ́n bá ń wò yín bí ẹni rí olè, ẹ gba ìwé yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, ìyá oníbọ̀ọ̀lì ẹnu géètì kì í tètè dé.