Google Drive fún àwa tá à ń ṣe ìwé owó láti ọ̀nà jíjìn: mo fún un ní 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá oníṣòwò ṣe ìwé owó láìjọ wà lójú kan náà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Google Drive, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún yín, torí òun ni mo fi ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi, òun náà ni mo fi ń dá iṣẹ́ padà fún wọn. Ìbàdàn ni mo wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà l'Ékòó, àwọn kan wà l'Abẹ́òkúta, a kì í sábà fojú kan ara wa. Nǹkan tó sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í ṣe ìṣirò rárá o, ìwé ni. Rìsíìtì tí ò dé, síteémẹ́ǹtì báǹkì tí wọ́n láwọn ti fi ránṣẹ́, Excel mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tẹ́nikẹ́ni ò mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó níbẹ̀, tí ọjọ́ 21 tí VAT gbọ́dọ̀ wọlé sì ti ń sún mọ́lé.

WhatsApp ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ìdí ẹ̀, ó ti wà lórí fóònù, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àmọ́ tí wọ́n bá ya rìsíìtì tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp máa fún un pọ̀ kó lè tètè lọ, tó bá fi máa dọ́wọ́ mi, 3 àti 8 ti di ọ̀kan náà. Ti POS ló wá le jù. Bébà rìsíìtì yẹn kì í ṣe íǹkì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru ni, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀ máa bà jẹ́ débi tẹ́ ò ní lè kà á mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ná owó yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ti ya á, kì í ṣe ìparí oṣù.

Ibí yìí ni Drive ti kọ́kọ́ wù mí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i lórí fóònù Android, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya kámẹ́rà sí, ẹ gbé fóònù sókè rìsíìtì yẹn, òun fúnra ẹ̀ máa wá etí bébà náà, á gé tábìlì àti ìka yín dànù, á wá sọ ọ́ di PDF sínú fóódà tẹ́ ẹ bá mú. Ó tún lè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí ẹ̀, tí mo bá wá ń wá ínfọ́ìsì ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì, orúkọ ẹ̀ ni mo kàn máa tẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ó máa gbé e jáde. Rìsíìtì tí wọ́n fọwọ́ kọ lọ́jà ni kẹ́ ẹ má gbọ́kàn lé e pé ó máa kà, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n máa kọ ọjọ́ àti iye owó sára orúkọ fáìlì.

Sheets tó wà nínú ẹ̀, ìwé ìṣirò tó dà bí Excel, tún nìyẹn. Ìyá kan wà tó ń ta léèsì ní Balógun, Alhaja ni gbogbo wa ń pè wọ́n, tí mo bá rí owó tó jáde tí mi ò mọ ohun tí wọ́n fi rà, mi ò ní pè wọ́n lórí fóònù nígbà tí kọ́sítọ́mà kún ọ̀dọ̀ wọn, mo kàn máa fi ọ̀rọ̀ há ẹ̀gbẹ́ owó yẹn gan-an: "Ẹ kú ọjà o Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ₦185,000 tó jáde yìí, kí lẹ fi ṣe?" Tó bá dalẹ́, èsì máa wọlé: "Dísù ni ọmọ mi, àti owó àwọn aláàárù." Ìbéèrè àti èsì á wá jókòó síbi tí owó yẹn wà, tẹ́nì kan bá bi wá lọ́dún tó ń bọ̀, ó wà ńbẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá sì yí iye kan padà, ẹ lè tẹ ibẹ̀ kẹ́ ẹ rí ẹni tó yí i padà, iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ìgbà tó ṣe é. Ìyẹn ti parí ìjà "èmi kọ́ o" láàárín ọ̀gá àti ọmọ ìṣọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Ẹ lè ní kí ẹnì kan kàn máa wò ó, kí ẹlòmíì lè kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ẹlòmíì sì láṣẹ láti tún un kọ, Viewer, Commenter àti Editor ni wọ́n pè é. Ẹni tẹ́ ẹ bá fún láṣẹ lórí fóódà ńlá, àṣẹ yẹn máa wọ inú àwọn kéékèèké tó wà nínú ẹ̀ lọ, torí náà ẹ má pín fóódà ńlá fún ọmọ ìṣọ̀ láé, èyí tó máa ju rìsíìtì sí nìkan ni kẹ́ ẹ pín fún un. Níbi tí wọ́n kọ Anyone with the link sí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kúrò níbẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì wọn, BVN wọn nígbà míì, tó bá ti jẹ́ pé ẹni tí líǹkì bá ṣáà ti dé ọwọ́ ẹ̀ lè ṣí i, ẹ ti gbé àṣírí ọmọ ọlọ́mọ síta nìyẹn, Nigeria Data Protection Act ti wà láti 2023, ọ̀rọ̀ òfin ni. Restricted ni kẹ́ ẹ fi í sí, kẹ́ ẹ wá fi íméèlì wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan tó jẹ́ kí n yọ 1 kúrò nínú 5 wá nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ọ́n. Lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́, ẹni tó ju fáìlì sínú fóódà ló ni fáìlì yẹn, kódà kó jẹ́ pé èmi ni mo dá fóódà sílẹ̀. Tí ọmọbìnrin tó ń ta ọjà bá ń fi Gmail tara ẹ̀ ju rìsíìtì síbẹ̀, òun ló ni gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tó bá bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó sì pa wọ́n rẹ́, wọ́n máa wà nínú Trash tiẹ̀, ibi tí fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ń lọ, fún ọjọ́ 30, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Bẹ́ẹ̀ CAMA 2020, òfin tó wà fún àwọn ilé iṣẹ́, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹ̀ fún ọdún 6. Ohun tí mo máa ń ní kí kọ́sítọ́mà ṣe ni pé kí wọ́n ṣí Gmail tó jẹ́ ti ìṣòwò fúnra ẹ̀, kí ọ̀gá mú páásíwọọ̀dù ẹ̀ dání, ìyẹn ni gbogbo ìwé á máa gbà wọlé. Tóṣù bá sì ti parí, mo máa ń da gbogbo ẹ̀ kọ sórí háàdì dírafù. Àwọn tó ń sanwó fún Workspace, àkáǹtì Google ti ilé iṣẹ́, tó ní shared drive ò ní ìṣòro yìí, torí ilé iṣẹ́ ló ni fáìlì níbẹ̀, àmọ́ mélòó nínú àwọn ìyá ọjà wa ló máa san ìyẹn lóṣooṣù?

Ààyè 15 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò jọ ń pín in, tó bá kún tán íméèlì gan-an ò ní wọlé mọ́, torí náà kí fídíò ọjọ́ ìbí má sí nínú Gmail ìṣòwò o. Tí kọ́sítọ́mà bá sì ń sọ pé òun ti fi ránṣẹ́ tẹ́ ò rí nǹkan kan, ẹ má tíì pè é ní onírọ́, ẹ ní kó lọ wo sẹ́tíǹsì Drive ẹ̀, ibì kan wà níbẹ̀ tó ní kí fáìlì máa lọ lórí Wi-Fi nìkan, tí ìyẹn bá wà ní títàn tó sì jẹ́ dátà ló ń lò, fáìlì yẹn kàn jókòó sórí fóònù ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo QuickBooks Desktop, prógíráàmù ìwé owó tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé fáìlì QBW, èyí tí gbogbo ìwé owó náà wà nínú ẹ̀, sínú Drive kí ẹ̀yin àti kọ́sítọ́mà wá jọ máa ṣí i níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni prógíráàmù yẹn ń kọ nǹkan sínú fáìlì náà láìdúró, Drive sì tún ń dà á kọ lọ́wọ́ kan náà, ibi tí fáìlì ti ń bà jẹ́ nìyẹn. Accountant's Copy, ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe fún akáńtáǹtì, wà fún un: kọ́sítọ́mà máa mú ọjọ́ kan, ẹ̀yin á ṣiṣẹ́ lórí ohun tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, òun á máa bá tiẹ̀ lọ lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ QuickBooks Online tàbí Xero ni, àwọn tí wọ́n ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó kàn pè yín wọlé bí akáńtáǹtì ẹ̀, kí Drive máa gbé rìsíìtì àti síteémẹ́ǹtì.

Fún kọ́sítọ́mà tí ò ní Gmail tí ò sì fẹ́ ṣí, Dropbox ni mo máa ń lò, òun náà ń tọ́jú fáìlì bíi Drive, ó ní file request, líǹkì kan péré lẹ máa fi ránṣẹ́, onítọ̀hún á ju ìwé síbẹ̀ láìní àkáǹtì, kò sì ní rí ohun tẹ́lòmíì jù síbẹ̀. 2 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó kéré, ẹ máa kó o kúrò níbẹ̀ lóṣooṣù.