Ọ̀dà X-19 Smoke fún gíláàsì bàálù kékeré: ó wọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọgbó

Kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Ìgò X-19 Smoke tí iléeṣẹ́ Tamiya ní Japan ń ṣe, èyí tó kéré nínú rẹ̀, mílílítà 10 péré ló gbà. Ẹ lè dì í sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ mú nǹkan dání. Mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á lórí àtẹ ní Ìlọrin. Mo máa ń bẹ àwọn tó ń kó ẹrù wọlé l'Ékòó ni, owó ẹrù á sì ju owó ọ̀dà lọ. Síbẹ̀, tí ẹ bá ń ṣe bàálù kékeré, ìyẹn bàálù ìṣeré tó ń fi bátìrì fò, tí ẹ sì fẹ́ kí gíláàsì tó bo orí awakọ̀ ní àwọ̀ èéfín díẹ̀ bíi ti gidi, òun ni mo máa ní kí ẹ rà. Mo ti gbé e dojú kọ ọ̀rá tíǹtì mọ́tò, mo ti gbé e dojú kọ aró, mo ti gbé e dojú kọ ọ̀dà dúdú inú agolo. Níbi tí gíláàsì bá ti yí roboto, kò sí èyí tó bá a dọ́gba nínú wọn.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Challenge, n'Ílọrin níbí. Bàálù ni mo fi ń dára yá lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọ̀gá ti di páílọ́ọ̀tì. Kò kàn mí. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé irinṣẹ́ fóònù bá irinṣẹ́ bàálù tan. Blower tó ń fẹ́ ooru, tí mo fi ń yọ IC, àwọn ẹ̀yà dúdú kékeré inú fóònù, lójú bọ́ọ̀dù, òun náà ni mo fi ń rọ ike. Spírítì tí a fi ń nu fóònù tí omi bá wọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n kọ isopropyl sára ìgò rẹ̀, òun náà ni mo fi ń lú ọ̀dà yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi, ìdajì nǹkan tí ẹ nílò ti wà lórí tábìlì yín.

Bàálù tí mo fi dán wọn wò ni Diamond DA40, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ International Aviation College fi ń kọ́ṣẹ́ lókè Ìlọrin níbí. Ẹni tó bá ń gbé apá pápákọ̀ òfuurufú mọ ìró rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Apá rẹ̀ gidi láti ìkangun dé ìkangun jẹ́ mítà 11.94, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, tèmi wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 75. Gíláàsì bàálù yìí ni ẹwà rẹ̀. Ti iwájú jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó wú roboto, síwájú ló ń ṣí sí, orí apá bàálù sì ni awakọ̀ ń gùn kó tó bọ́ sínú. Tí gíláàsì yẹn kò bá ní àwọ̀ kankan, gbogbo wáyà àti bátìrì inú rẹ̀ ló máa hàn, bàálù á wá jọ rédíò tí wọ́n tú palẹ̀. Tí ó bá sì dúdú jù, awakọ̀ kò ní hàn, kí la wá gbé e síbẹ̀ fún? Ohun tí mò ń wá kò ju báyìí lọ: kí ojú rí orí awakọ̀, kí ó má rí bátìrì. Òun ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo wọn.

Gíláàsì tí mò ń pè yìí, ike mínírà ńlá ni, irú èyí tí ara rẹ̀ dán tí kò ní ìlà. Bàbá káfíńtà kan ní Sawmill ló bá mi gbẹ́ igi tí mo fi rọ ọ́. Wọ́n yí igi náà lọ́wọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ère lo fẹ́ máa bọ?" Mo ní, "Bàbá, àwa tí à ń kírun!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dín owó kù fún mi. Ẹ fi sánpépà tó kúnná fọ igi náà títí ojú rẹ̀ á fi dán, torí gbogbo ìlà ara igi ni ike máa gbà sára. Ẹ gé ìdí ike kúrò, ẹ ki igi bọ inú rẹ̀, ẹ wá máa fẹ́ ooru blower sí i yí ká. Ike á máa sún kì, á máa fà mọ́ igi títí kò fi ní sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ó máa ń dùn ún wò.

Ó kan tíǹtì. Ilé tíǹtì mọ́tò ni mo kọ́kọ́ lọ, lójú ọ̀nà Táíwò, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín dà?"

Mo na ike sí i. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó bi mí bóyá mo ti gbàwé àṣẹ tíǹtì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo ní òfin 1991 tó de tíǹtì, mọ́tò ló dárúkọ, kò dárúkọ bàálù, áńbọ̀sì bàálù tó ń fi bátìrì fò.

Ọwọ́ ọmọ náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fọ́n omi ọṣẹ sára ike, ó tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní 20 lé e, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ kọjá, ó fi rọ́bà gbá omi abẹ́ rẹ̀ jáde. Lára fèrèsé ẹ̀gbẹ́, ó jókòó pẹ́kípẹ́kí. Àfi ìgbà tó dé àtàrí. Ibẹ̀ yẹn yí síwá-sẹ́yìn, ó tún yí sọ́tùn-ún sósì, ọ̀rá pẹlẹbẹ kò sì lè bo irú ibẹ̀ kó má ká jọ. Ó fi ooru lé e, ike abẹ́ rọ̀ ṣáájú ọ̀rá. Ó ní ká gé e sí wẹ́wẹ́ ká wá tò ó pọ̀. Mo ní rárá, gbogbo ojú ibi tí a bá gé ló máa hàn. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó ní owó gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò odindi ni òun máa gbà, torí àsìkò tí ọmọ òun lò. Owó gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò, lórí ohun tí mo lè fi ọwọ́ kan bò! Mo san án. Máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn: ọ̀kan fún ọwọ́ ọmọ náà, ìkejì nítorí pé ó yọ́ fi àjákù ọ̀rá sínú báàgì mi lọ́fẹ̀ẹ́. Àjákù yẹn wúlò o. Tó bá jẹ́ bàálù tí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ̀ ń ṣe, bíi Cessna 172, ẹ má wulẹ̀ náwó lé X-19. Ẹ lọ tọrọ àjákù ọ̀rá.

Aró kò yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Aró tí à ń pa láṣọ òwú kì í mú ike rárá. Ike mínírà bá aṣọ polyester tan, irú aró tó ń mú polyester ló sì lè mú un, ṣùgbọ́n aró yẹn ń fẹ́ omi gbígbóná gidi. Ta ni kò tíì rí ohun tí omi gbígbóná ń ṣe fún ike mínírà? Tí ike bá ti gbóná tó nǹkan bí 70 lórí ìwọ̀n Celsius, ó ti ń rọ̀ nìyẹn, ẹwà tí Bàbá gbẹ́ á sì bà jẹ́. Ọ̀dà dúdú inú agolo ńkọ́? Ó ń bò ni, kì í ṣe tíǹtì. Tínà inú rẹ̀ tún burú fún gíláàsì bàálù inú páálí tí à ń rà ní wẹ́wẹ́ ká tó tò ó pọ̀, èyí tí wọ́n fi ike líle tó ń jẹ́ polystyrene ṣe: ojú rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe ń wò ó.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ X-19. Ọ̀dà tí ojú ń là kọjá ni, àwọ̀ èéfín ló ní, ó ń fà sí búráùn díẹ̀. Inú gíláàsì la máa ń kùn, kì í ṣe ìta, kí ìta lè máa dán, kí ọwọ́ má sì bó ọ̀dà. Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ fi kùn ún, ẹ tọ́jú owó yín. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá gbà lẹ́ẹ̀mejì á dúdú ju ibòmíì lọ, ìlà-ìlà lẹ máa rí. Fífọ́n ló fẹ́. Airbrush, irinṣẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, ni mò ń lò; tèmi ni kékeré oníbátìrì tí àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ń lò. Ọ̀dà ìdá kan, spírítì ìdá méjì, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn bí ìrì, kí ó gbẹ, kí ẹ tó tún fọ́n.

Nǹkan kan wà tí wọn kò kọ sára ìgò. Tí ẹ bá da ike bo ìwé funfun tí ẹ wò ó látòkè, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ojú yín ń là kọjá. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó látẹ̀gbẹ́: ojú gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó gba ìkejì jáde. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, méjèèjì pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí tíǹtì tó dára lórí tábìlì fi máa ń di òkùnkùn lórí bàálù. Nígbà tí ọkàn yín bá ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ gbé airbrush sílẹ̀. Èmi máa ń gbé orí awakọ̀ àti bátìrì sábẹ́ ike bí mo ṣe ń fọ́n ọn. Mo kun ojú awakọ̀ ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, mo kun àkẹtẹ̀ rẹ̀ ní funfun, mo wá fi téèpù dúdú wé bátìrì. Lábẹ́ èéfín, ohun tó mọ́lẹ̀ á ṣì máa yọjú, ohun tó dúdú á wọlẹ̀ lọ. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ ti tó, bátìrì ti pòórá, àkẹtẹ̀ sì ń wò yín.

Tó bá ti dúdú jù, spírítì yẹn náà á nù ún kúrò, ike kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rá kò ní irú àánú yìí.

Ibi tí mo ti yọ máàkì kan lára rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ kó tó le. Ẹ lè rò pé ó ti gbẹ, kí ìka yín tẹ̀ síbẹ̀, kó má kúrò mọ́. Ojú ọjọ́ wa níbí náà kò bá a rẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà á ti gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ike, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, eruku á tún bá a dé. Ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń wọ̀, mo á kọ́kọ́ da omi sílẹ̀ kí eruku lè jókòó. Búráùn tó ń fà sí yẹn kò wù mí lára DA40; ẹ̀kán kan X-23 Clear Blue, ọ̀dà búlúù tí ojú ń là kọjá láti ọ̀dọ̀ Tamiya náà, mú un kúrò. Ẹni tó bá ń ṣe bàálù ogun F-16, X-24 Clear Yellow ni kó fi sí i: gíláàsì àwọn F-16 kan ní irin fẹ́lẹ́ lára tó ń lé ìgbì rédà padà, ó sì máa ń dán bíi góòlù. Tó bá jẹ́ ara mọ́tò ìṣeré tí wọ́n fi ike polycarbonate ṣe lẹ fẹ́ kùn, X-19 kọ́ nìyẹn. Tamiya kan náà ń ṣe PS-31 Smoke fún un, agolo ni wọ́n ń tà á.

Tí ẹ bá fẹ́ lẹ gíláàsì mọ́ bàálù, ẹ má fi súpà gúlù kan án. Èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun bí eérú sínú gíláàsì, gbogbo làálàá tíǹtì ti wọ omi. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò. Kí ẹ má sì fi bàálù sílẹ̀ nínú mọ́tò tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ lóṣù kẹta, torí àwọ̀ dúdú ń fa oòrùn, mo sì ti sọ ohun tí ooru ń fojú ike rí.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún X-19. Ìgò tèmi ṣì ju ìdajì lọ, torí bí ìrì là ń fọ́n ọn. Ẹni tó bá wà ní Ìlọrin tó fẹ́ ká jọ lò ó, kó gbé gíláàsì rẹ̀ wá sí Challenge lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nílé kó tó máa bọ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni nu epo àkàrà kúrò lára bàálù.