Alfa Romeo Spider ní Ìkòròdú: Ara Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Rà, Kì í Ṣe Ẹ́ńjìnnì

Alfa Romeo Spider tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1962 cc, ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ènìyàn méjì ni ó ń gbà dáadáa, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ilẹ̀ ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdí lé. Mo ní ọ̀kan, Ìkòròdú ni mo ti ń wà á, Ìkòròdú náà ni wọ́n sì ti ń bá mi tún un ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé mo lè gba ẹni tó bá lágbára rẹ̀ níyànjú pé kí ó ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà tó ṣáájú gbogbo ìmọ̀ràn yòókù: ara ọkọ̀ náà ni kí ẹ ná owó yín lé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn ẹ́ńjìnnì tàn yín. Ẹ́ńjìnnì tó bá bàjẹ́ yóò rí ẹni tún un ṣe. Irin tí omi ti jẹ láti inú wá ni ó ń sọ ẹni tó ra ọkọ̀ di onígbèsè.

Oṣù kẹta ọdún 1966 ni ilé-iṣẹ́ Alfa Romeo kọ́kọ́ fi Spider yìí han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Geneva. Pininfarina, ilé-iṣẹ́ Ítálì tó ń ya àwòrán ara ọkọ̀, ni ó ya àwòrán ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ jẹ́ 1570 cc, ìdíje tí wọ́n pe àwọn ará ìlú sí ni wọ́n sì fi rí orúkọ Duetto tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣì ń pè é títí dòní. Ìdí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ yìí gùn, ó sì rí róbótó. Ní 1970 ni wọ́n gé e kúrú, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ́ńjìnnì 1962 cc dé. Wọn kò dá ṣíṣe ọkọ̀ náà dúró títí di 1993, nígbà tí iye tí wọ́n ti ṣe ti lé ní 124,000. Nítorí pé wọ́n ṣe é pọ̀ tó báyìí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ fi ṣì wà lọ́jà ní òkè òkun, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí mo fi gbà pé ó dára ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré ìje Ítálì mìíràn lọ fún ẹni tó ń gbé nírú ìlú wa.

Ẹni tó bá ń wá a ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inú ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni ó ti máa rí i. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba ọkọ̀ àlòkù tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá iye tí wọ́n là sílẹ̀, Spider tó kéré jù lọ sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni láti oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba kò gbà kí ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá fi ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lẹ́yìn Àgbádárìgì tàn yín. Èyí tó ti wà nílẹ̀ látijọ́ ni ẹ ó rí, bóyá tí ẹnìkan gbé bọ̀ wálé nígbà tó parí iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun, bóyá tó ti wà nínú gáréèjì ẹbí kan láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ wo apá tí sítíárìn rẹ̀ wà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí náà èyí tó bá wọlé ṣáájú ìgbà náà lè jẹ́ èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra irú rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Ọkọ̀ yìí kúrú débi pé awakọ̀ tírélà lè máà rí i, bí ẹ bá sì wà lẹ́yìn tírélà ní ọ̀nà Ìtòkín, tí ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, àfi kí ẹ kọ́kọ́ yọ ọkọ̀ yín jáde tán kí ẹ tó lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú.

Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti 1969, nítorí òfin tí ìlú wọn ṣe lórí èéfín, pọ́ọ̀ǹpù SPICA ni ó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì àwọn tí wọ́n ń kó lọ sọ́hùn-ún, títí tí ẹ̀rọ Bosch fi rọ́pò rẹ̀ ní 1982. SPICA kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, ṣùgbọ́n láti Àgíríìkì títí dé Ìgbógbó, èmi kò tíì rí mẹkáníìkì tó fọwọ́ sọ̀yà pé òun lè tú u kí òun sì tò ó padà. Kábúrétọ̀ méjì, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, tó wà lára àwọn ti Yúróòpù, ìbáà ṣe Weber, ìbáà ṣe Dell'Orto, ni ó bá wa mu, nítorí pé àwọn mẹkáníìkì wa tó ti dàgbà, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lára Peugeot 504, mọ kábúrétọ̀ tú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú wà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti Ẹ̀bùté kún fún ọ̀rinrin tọ̀sán tòru, ìgbà òjò wa sì gùn. Irin tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí nígbà náà kò ní ààbò tó tó sí ìpẹtà, kódà ní Ítálì tí wọ́n ti ṣe é. Ibi tí ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ojú ń tó. Omi òjò tó bá ṣàn lára òrùlé sínú ihò tí òrùlé ń ká sí lẹ́yìn àga máa ń gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ jáde sí ìsàlẹ̀; bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí páìpù náà, omi á yà sínú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, á sì jókòó síbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n jó pọ̀ di irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí, òun gan-an ni ó sì gbé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin dúró. Bí ìpele ti ìta bá ń dán, tí ti àárín ti jẹrà, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàrin láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á mọ̀.

Nítorí náà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ́wọ́, kí ẹ fi aṣọ wé e kí ó má ba ọ̀dà jẹ́, kí ẹ sì fà á lọ lára abẹ́ ilẹ̀kùn, mọ́gádì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, bọ́dì-fílà ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ sì tún tì í. Bí ilẹ̀kùn tó ń tì wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀ bá wá ń há, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, kí ẹ sì wo abẹ́ sípíà táyà nínú búùtù. Bàbá tó ta tèmi fún mi kò bínú sí gbogbo èyí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kí o wò ó dáadáa.” Ẹni tó bá ń bínú nítorí mágínẹ́ẹ̀tì mọ ohun tí òun fi pamọ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀nà Ìkòròdú kò ní fojú fò ni sọ́ọ̀mpù, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì ń gbé sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Alumíníọ́mù ni, ó sún mọ́ ilẹ̀ púpọ̀, òkúta kan tàbí etí kòtò kan sì tó láti fọ́ ọ, kí gbogbo ọ́ìlì sì dà nù. Mo ní kí wẹ́dà bá mi ṣe irin pẹlẹbẹ kan tó bo abẹ́ rẹ̀, tó sì ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, n kò sì mọ owó mìíràn tí mo ná sára ọkọ̀ yìí tó wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí èyí tí ara rẹ̀ le, ohun tó kù jẹ́ adùn. Camshaft méjì, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, ni ó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà, ṣéènì ni ó ń yí wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì tó lè já lójijì. Bí ó bá ti kọjá 3,000 lórí aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ohùn rẹ̀ á yí padà, á mọ́, á sì máa pè yín pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Gíà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún ní àkókò tí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń ní, bíréèkì díìskì sì wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó jáde, bí a bá ti kọjá Ìmọ̀ta tí ọ̀nà sì là sílẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ yìí máa ń yà síbi tí mo bá ní kó yà láìjanpata, kò sì sí ọkọ̀ tuntun kankan tí mo ti wà tó fún mi ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì alumíníọ́mù ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bu omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe sí ọkọ̀ yòókù, torí omi lásán máa ń jẹ alumíníọ́mù náà díẹ̀díẹ̀. Kúláǹtì gidi ni kí ẹ máa lò, kí rewáyà sì bá yín so fáànù oníná mọ́ rédíétọ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ọ́ìlì bá léfòó lójú omi, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàrin orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti lọ, ibi tí ẹ́ńjìnnì yìí sì ti máa ń kọ́kọ́ yọnu nìyẹn. Ọ́ìlì 20W-50 tó bá a mu kò ṣòro láti rí níbikíbi.

Gíà kejì ni kí ẹ tẹ́tí sí. Bí ẹ bá ń bọ́ láti ẹ̀kẹta sí ìkejì tí ó sì ń ké, ó ti jẹ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ké díẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì gíà ṣì tutù, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ké nígbà tó ti gbóná, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀. Ní ti iná, fíúsì rẹ̀ jẹ́ irú àtijọ́ tó rí ṣóńṣó lórí méjèèjì, ọ̀rinrin ìlú wa sì máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ dípẹtà. Bí iná kan bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà pa ojú fíúsì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà kankan.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí ní Ladípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, bí ẹ ṣe rò ó, síbẹ̀ Ladípọ̀ ń ràn wá lọ́wọ́: béárì (bearing) tí a bá yọ ní nọ́ńbà lára, ẹni tó ń ta béárì á sì wá èyí tó bá a mu fún yín láìbéèrè orúkọ ọkọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà propeller (irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn) àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn tuntun ni ẹ ó máa béèrè lọ́wọ́ àwọn bíi Alfaholics àti Classic Alfa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Òrùlé ni ó rọrùn jù, nítorí àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ lè rán an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n lójú oòrùn wa, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìwé ni kí ẹ fi parí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà ṣáṣì Spider wà lára irin tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé ọkọ̀ mu. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, kò burú fún ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á lọ tún un kọ sínú ìwé lórúkọ tirẹ̀, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.