Ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan n'Ìbàdàn

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìsan owó títí dé ìparí JSS 3, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọmọbìnrin mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ládùúgbò wa. Lóòótọ́, wọn kò gba kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àga ìjókòó ni mo kọ́kọ́ rà.

Àwọn olùkọ́ mọ iṣẹ́. Àyíká ni ìṣòro: ògiri ọgbà ti wó lápá kan, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọkùnrin ń gbà lọ sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ní àkókò ìsinmi, tí àwọn ọlọ́kadà náà sì ń gbà kọjá bí ẹni pé títì ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn, àwọn olùkọ́ ló ń lò ó.

Ní ti ìbáwí, pàṣán ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tó bá pẹ́ dé á kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n á nà án, yóò sì pàdánù ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà, èyí tó mú kí àwọn kan yàn láti má wá rárá (èmi pàápàá ì bá ṣe bẹ́ẹ̀). Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí àwọn apẹ́lẹ́yìn máa gbálẹ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, ó sì ń ránṣẹ́ pe òbí wọn; kí sáà kan tó parí, iye wọn ti dín kù. Ògiri náà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nínú máàkì 10, mo fún wọn ní 6.